Ìwé Kejìlá Nínú Fèrèsé

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, Mosúnmọ́lá sì wà lórí àkàbà, ó ń tú ọyẹ́ palẹ̀ lójú fèrèsé yàrá ìwé ilé-ìwé. Aṣọ aláwọ̀ eruku tó ta sí ẹ̀yìn fèrèsé ló kọ́kọ́ ká. Lẹ́yìn náà ló kó àwọn ìwé ìgbà ọyẹ́ kúrò lórí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé iná oko, ìwé ìpara, ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń sọ bí ètè ṣe máa ń là bí òtútù bá mú. Kò sí ọmọ kan nílé-ìwé náà tó mọ ọyẹ́ lójú. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé tó ti fẹ́ kẹ́yìn ní Arárọ̀mí, síbẹ̀ òfin ní kí wọ́n máa tò ó sí fèrèsé lọ́dọọdún, àwọn ọmọ á sì máa wò ó bí ẹni ń wo àwòrán baba ńlá tí wọn ò bá láyé.

"Ó ku wákàtí mẹ́ta," ni Ìyálé wí láti ara ògiri.

"Mo gbọ́."

"Ẹ kò tíì gbé ìwé òjò kankan sórí pẹpẹ."

"Mo ní mo gbọ́."

Ẹ̀rọ ni Ìyálé. Ojú kan ló ní, ojú náà ò sì tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Ilé-Iṣẹ́ Ìgbà ló gbé e kọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó gba Mosúnmọ́lá síṣẹ́ olùtọ́jú ìwé, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú ẹni wọlé ni ìyálé ẹni, kódà bí kò bá lè gbé ìgbálẹ̀.

Wọ́n kan gíláàsì. Mosúnmọ́lá ò nílò láti wẹ̀yìn kó tó mọ ẹni tó ń kàn án, torí ẹnì kan ṣoṣo ní Arárọ̀mí ló ń fi òrùka ọwọ́ kan fèrèsé ìjọba bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé ọmọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ni, olórí àwọn àgbẹ̀, obìnrin tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tí ohùn rẹ̀ máa ń dé oko kí òun alára tó débẹ̀. Ó tẹ̀ ba síbi ihò tí àwọn ọmọ máa ń ti ìwé tí wọ́n yá bọ̀ padà.

"Tíṣà! Kú iṣẹ́ o. Ṣé ọyẹ́ ò fẹ́ lọ ni?"

"Ẹ kú òjò, mà. Ó ń lọ."

"Ó ń lọ, ó ń lọ. Òjò ń pa wá láti àárọ̀, ìwọ ṣì ń ká aṣọ. Bó o bá fẹ́ ká bá ọ ká a, ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ mọ̀ pé kò ṣeé ṣí, mà."

Ìyá Ìbejì mọ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti kán, Ìyálé á ti ilẹ̀kùn yàrá ìwé, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wọlé bá olùtọ́jú ìwé títí fèrèsé á fi pé, àfi ọ̀gá ilé-ìwé. Wọn ò fẹ́ kí ẹnì kan lọ sọ lọ́la pé wọ́n ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó tò ó.

"Fóònù mi ti ní kí n gbìn láti ìjẹta," ni Ìyá Ìbejì ń wí lọ. "Ṣé o mọ ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀? Ohùn ìyá mi! Ìyá mi tí mo sin lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ní, 'Ọmọ mi, ra irúgbìn tuntun lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí.' Mo ní ẹ kú irọ́. Ìyá mi ò pè mí lọ́mọ rí. Orúkọ mi ló máa ń pè, ẹ̀rọ kankan ò sì mọ̀ ọ́n." Ó na ìka sí gíláàsì. "Èyí nìkan ni mo gbà gbọ́. Ìwé lẹ́yìn gíláàsì, ọwọ́ ẹni tí mo mọ̀ ló tò ó, ojú mi méjèèjì ló sì rí i. Tò ó kíá, kí àpótí ṣí, ká máa gba oko lọ."

Àwọn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ń lọ bí ọgọ́ta. Àwọn mìíràn tiẹ̀ pọn àpótí irúgbìn wọn sẹ́yìn bí ọmọ. Àpótí kan ló wà fún ilé kan, ó dúdú, kò ga ju orúnkún lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń ṣí lọ́dún: ìgbà tí ìwé kejìlá bá jókòó sórí pẹpẹ tí ojú Ìyálé sì rí i. Gbogbo àpótí ìlú á dún kẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, ọjọ́ méje ni irúgbìn ní. Èyí tí kò bá wọ ilẹ̀ láàárín ọjọ́ méje á di ìyẹ̀fun, òmíràn ò sì ní í dé títí di ọdún tó ń bọ̀.

"Má jẹ́ kí òjò yìí ṣòfò o, Tíṣà," ni Ìyá Ìbejì wí, ó sì dìde.

Mosúnmọ́lá sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Orí tábìlì rẹ̀ ni ìwé àṣẹ wà, òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan ló gbé e wá láti olú-ìlú, ó fi odindi ọjọ́ kan rìn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ lẹ́yìn tí ìwé yìí bá dé ni òjò ọdún. Ẹ tò ó kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà tó lù.

Ó lọ síbi fèrèsé kejì, èyí tó kọjú sí pápá. Ẹ̀rọ agékoríko ń rìn lọ rìn bọ̀ fúnra rẹ̀ nínú òjò, àwọn lékeléke sì tò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣa tata tó ń lé jáde. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé màlúù ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé láyé ìjọ́sí. Màlúù ti tán ní Arárọ̀mí, lékeléke sì ti wá ọ̀gá mìíràn. Mosúnmọ́lá kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Méjìdínlógójì ni wọ́n, iye tó kà lánàá gẹ́lẹ́; ọ̀kan ò tíì lọ.

Ẹyẹ ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke. Bí òjò bá fẹ́ fìdí kalẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á gbéra nílẹ̀, wọ́n á gba ọ̀nà àríwá lọ, kò sì sẹ́ni tó ń lé wọn.

Ilẹ̀kùn dún, Ọ̀gbẹ́ni Lásebìkan, ọ̀gá ilé-ìwé, wọlé pẹ̀lú agboòrùn tó ń kán sílẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú láyé ni kó fẹ̀yìn tì ní oṣù kejìlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀ ní olú-ìlú.

"Àǹtí Mosún, kí ló dé? Mò ń gbọ́ ariwo wọn láti ọ́fíìsì."

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wo pápá."

Ó wò ó. "Koríko ni mo rí."

"Lórí koríko ńkọ́, sà?"

"Lékeléke." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti lékeléke nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Wọn ò tíì lọ, sà. Òjò yìí kì í ṣe òjò. Ó fẹ́ tàn wá jẹ ni, á sì padà síbi tó ti wá."

"Àbí ẹyẹ ló wá ń ṣe ọ̀gá Ilé-Iṣẹ́ Ìgbà báyìí?"

Mosúnmọ́lá wọ yàrá ẹ̀yìn, ibi tí ojú Ìyálé ò dé, ó sì gbé báńdù ìwé kan jáde tí wọ́n fi okùn dì. Ìwé-àjákọ ọmọ ilé-ìwé ni gbogbo wọn, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ikán ti jẹ ìyókù. Láyé ìgbà kan, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún máa ń gbé agolo mílíìkì sí àárín pápá, wọ́n á fi ìka wọn wọn òjò tó bá rọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ohunkóhun tí ojú wọn bá rí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ wàláà sọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣíwọ́ kíkọ, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ olùtọ́jú ìwé. Ti ọdún yìí wà lórí tábìlì, ọwọ́ Mosúnmọ́lá ló kún inú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Lásebìkan ṣí ọ̀kan, ó sì gbé e jìnnà sójú. "Kí lèyí? Ẹsẹ̀ adìyẹ?"

"Àfọwọ́kọ ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Ọdún márùn-ún ló wà níbí tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nígbà tí lékeléke ṣì wà lórí pápá. Nínú márààrún, mẹ́rin ni òjò ti dá lọ́jọ́ kejì. Kò tún rọ̀ mọ́ fún ogún ọjọ́ ó lé."

"Ọ̀kan yòókù ńkọ́?"

Ìbéèrè tó ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn. "Ọ̀kan yòókù, òjò ò dá. Àgbàdo ṣe dáadáa."

"Hẹn-ẹ́n." Ọ̀gá jókòó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ aláìsàn sọ̀rọ̀. "Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan yẹn lèyí ńkọ́, Àǹtí Mosún? Tó bá jẹ́ òjò ọdún lèyí, tẹ́ ẹ sì mú kí ìlú pàdánù rẹ̀ nítorí ẹyẹ?"

Ẹ̀rù ń ba Mosúnmọ́lá, kì í sì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Ó ń bà á bó bá tò ó, ó ń bà á bí kò bá tò ó.

"Màmá Ọrẹ́dọlá tẹ̀ lé àṣẹ," ni Ọ̀gbẹ́ni Lásebìkan wí. "Ẹ rí i pé ìjọba ò fọwọ́ kan irun orí rẹ̀."

"Ìjọba ò fọwọ́ kàn án, sà. Ìlú ńkọ́?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ogún ọdún sẹ́yìn, Màmá Ọrẹ́dọlá ló ń tọ́jú ìwé nílé-ìwé yìí. Àṣẹ dé, òjò rọ̀, ó to fèrèsé bí wọ́n ṣe ní kó tò ó, àpótí ṣí, ìlú gbìn. Òjò dá, ebi sì pa ìlú. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó fi òǹtẹ̀ lu ìwé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló rí ọwọ́ tó gbé ìwé kejìlá kalẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka tí ará Arárọ̀mí bá fojú rí ni wọ́n ń gé ní tiwọn. Wọn ò lù ú. Wọn ò kàn kí i mọ́ ni, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ tó ń lọ ló pe Mosúnmọ́lá sí yàrá ẹ̀yìn tó fi báńdù ìwé-àjákọ yìí hàn án. "Mi ò wò ó àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́," ló wí. "Ìwọ máa tètè wò ó o."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn ọmọbìnrin kan ké wọlé: "Ebi Ọrẹ́dọlá ń pa mí o!" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí oúnjẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ báyìí ni wọ́n máa ń wí. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé Ọrẹ́dọlá fìgbà kan jẹ́ ènìyàn, pé ó fẹ́ràn ẹ̀pà sísè, pé ó máa ń fi ọṣẹ fọ èèpo ìwé.

Mosúnmọ́lá mọ̀. Òun náà ò sì fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pe ebi.

"Ó ku wákàtí kan àbọ̀," ni Ìyálé wí.

"Ẹ tò ó, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Lásebìkan wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ó ta aṣọ àyìnrín sí ẹ̀yìn fèrèsé, ó sì so àwọn ẹ̀kán òjò oníbébà tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta gé mọ́ ọn lókùn, èyí tó tóbi bí àwo àti èyí tó kéré bí èékánná. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ọmọ kan ya ojú àti ẹnu sí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi agolo gbé àwọn ìwé ẹ̀yìn sókè kí ti iwájú má baà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé nìyí. Lọ́dọọdún, bó bá ti ń tò ó báyìí, orin máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, kò rántí orin kankan.

Nígbà tó gbé ìwé àkọ́kọ́ kalẹ̀, *Agboòrùn Ìyá Àgbà*, ariwo sọ níta.

"Ení!"

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìlú á máa kà á bí ọwọ́ ṣe ń gbé e kalẹ̀. *Ọ̀pọ̀lọ́ Mẹ́ta*. "Èjì!" *Ilé Tó Ń Jò*. "Ẹ̀ta!" Àwọn ọmọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá wọn dá sí i. Mosúnmọ́lá ń tò, ó ń gbàdúrà, ó ń yọjú wo pápá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lékeléke ṣì wà níbẹ̀. Ó wù ú kí wọ́n fò, ó wù ú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ ju òkò sí wọn.

"Ẹ̀wá!"

"Ọ̀kanlá!"

Ó mú ìwé kejìlá. *Àgbàdo Ọdún* ni orúkọ rẹ̀, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọmọ ọlọ́dún márùn-ún lè kà tán kó tó jẹ ẹ̀kọ kan. Níta, ariwo ti dákẹ́. Àwọn tó pọn àpótí ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti bọ́ síwájú gbogbo wọn, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Mosúnmọ́lá dúró síbẹ̀. Ó rántí pé Màmá Ọrẹ́dọlá náà dúró síbí, pẹ̀lú ìwé kan náà lọ́wọ́, tí gbogbo ojú yìí sì ń wò ó pẹ̀lú ìfẹ́ báyìí. Ó wá gbé *Àgbàdo Ọdún* sórí àga lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé-àjákọ náà, èyí tó pẹ́ jù lọ nínú wọn, ó ṣí i síbi tó ti fi òwú sí, ó sì gbé e kalẹ̀ sí ipò kejìlá ní ṣíṣí, kí ojú méjèèjì rẹ̀ lè kọjú síta.

"Èjìlá!" ni àwọn ọmọ ké.

Àpótí kankan ò dún.

"N kò mọ ìwé yìí," ni Ìyálé wí. "Ẹ gbé e kúrò."

"Àǹtí Mosún!" Ọ̀gbẹ́ni Lásebìkan di orí mú. "Ẹ ti pa mí. Ẹ ti pa ara yín."

Níta, wọ́n ń gbọn àpótí, wọ́n ń fi etí tì í. Ìgbà tó yé wọn, ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-yà-fún-mi. Ẹnì kan ké pé Tíṣà ti gba nǹkan lọ́wọ́ àwọn onírúgbìn fóònù. Ẹlòmíràn bú ìyá rẹ̀. Ìyá Ìbejì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì, òrùka rẹ̀ sì ró gbàgà.

"Tíṣà! Ṣé orí rẹ pé? Òjò ń rọ̀! Òjò ń rọ̀ lójú rẹ, o sì ń fi ìwé àkísà ṣeré! Ṣé o fẹ́ kébi pa wá ni?"

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ síbi ihò ìwé, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí obìnrin náà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọdé ò lè ka àfọwọ́kọ, ẹ̀yin lè kà á. Ẹ kà á fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ ẹ bá ní kí n gbé àgbàdo síbẹ̀, màá gbé e síbẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ kà?"

"Ẹ kàn kà á, mà. Ẹ ní ohun tẹ́ ẹ bá fojú rí lẹ̀yin ń gbà gbọ́."

Ìyá Ìbejì pòṣé. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi kúrò lójú gíláàsì, ó sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ìbínú, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ìsọkúsọ tí Tíṣà gbé wá.

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 2058. Òjò rọ̀, ìka méjì nínú agolo. Gbogbo ènìyàn lọ gbin àgbàdo. Lékeléke ò tíì lọ." Ó wẹ̀yìn wo àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ṣẹ́jú. "Ọjọ́ kejìlá. Òdo. Ọjọ́ kẹtàlá. Òdo. Ọjọ́ kejìdínlógún. Òdo. Àgbàdo ti yọ, ó ga tó ìka mi. Ọjọ́ kẹrìnlélógún..."

Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní kó kà á sókè.

"Ọjọ́ kẹrìnlélógún. Òdo. Àgbàdo kú." Ó ti ń kà á bí ẹni tí kò wo ìwé mọ́. "Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin. Òdo. Ìyá mi se irúgbìn tó kù fún wa jẹ. Ó ní... ó ní kí n má kọ ọ́ síbí."

Mosúnmọ́lá tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì rí i pé ojú obìnrin náà ti yí padà. Ọkùnrin kan béèrè pé kí ló tún kù níbẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin," ni Ìyá Ìbejì wí. "Lékeléke lọ lónìí. Òjò ńlá rọ̀. Kò sí irúgbìn."

"Ta ló kọ ọ́?"

Ó gbé ìka lé gíláàsì, níbi tí orúkọ wà nísàlẹ̀ ojú ìwé. "Ṣijúadé, kíláàsì karùn-ún."

"Ta ló ń jẹ́ Ṣijúadé?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè. Wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Arárọ̀mí.

"Èmi ni," ni Ìyá Ìbejì wí.

Mosúnmọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà mélòó ló ti ka ojú ìwé yẹn! Ogún ọdún ló fi ń kí obìnrin yìí láàárọ̀ àti lálẹ́, Ìyá Ìbejì ni gbogbo ìlú ń pè é, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé kó béèrè orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́.

"Agogo méjìlá ti lù," ni Ìyálé wí. "Fèrèsé kò pé. Mo ti fi orúkọ olùtọ́jú ìwé ránṣẹ́. Ẹlòmíràn yóò dé lọ́la láti gbé ìwé kejìlá kalẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Lásebìkan jókòó sórí *Àgbàdo Ọdún* láìmọ̀. Níta, wọ́n gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ wí láti inú ihò. Ìyá Ìbejì yíjú sí pápá, gbogbo wọn sì yíjú tẹ̀ lé e. Lékeléke kan gbéra. Ó na ìyẹ́ sókè nínú òjò, ó sì fò gba orí òrùlé lọ sí apá àríwá. Mosúnmọ́lá sáré lọ síbi fèrèsé kejì. Bó bá lọ, bí àwọn yòókù bá tẹ̀ lé e, a jẹ́ pé òun ti ba òjò ọdún jẹ́ mọ́ ìlú lọ́wọ́. Ẹyẹ náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wá bà sí apá kejì ẹ̀rọ agékoríko, níbi tí tata ti pọ̀ jù.

Ọkùnrin kan mí kanlẹ̀.

"Gbé àga mi wá," ni Ìyá Ìbejì wí fún ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tó ti ní irun funfun díẹ̀. Ó gbé àga náà sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwé, ó jókòó, ó sì na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹni tí wọ́n bá rán wá lọ́la, orí ẹsẹ̀ mi ló máa gbà wọlé. Kò sí ọwọ́ tó máa gbé nǹkan kan síbẹ̀ kí àwọn ẹyẹ yẹn tó lọ."

"Bí wọ́n bá lọ lọ́túnla ńkọ́?" ni ẹnì kan béèrè.

"Lọ́túnla la óò gbìn."

"Bí Tíṣà bá ṣì wá lọ́nà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òjò rèé?"

Ìyá Ìbejì yíjú wo gíláàsì, níbi tí orúkọ rẹ̀ wà. "Bó bá ṣì wá lọ́nà," ló wí, "èmi ni mo ka ìwé fún yín. Kí ẹ fi orúkọ mi pe ebi náà. Ẹ sì ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Mosúnmọ́lá sunkún. Kò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́. Ìgbà tó nu ojú tán ló ṣàkíyèsí pé òun ń gbọ́ ẹ̀rọ agékoríko. Láti àárọ̀, kò gbọ́ ọ rárá. Ó gbójú sókè wo òrùlé. Kò sí ìró kankan lórí páànù.

Níta, wọ́n ti ń pa agboòrùn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sẹ́ni tó dunnú, kò sì sẹ́ni tó sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí òjò lè dá láàárọ̀ kó tún dé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí wọn tó wà ní títì.

Ìyá Ìbejì dìde lórí àga, ó rọra tẹ̀ ba síbi ihò ìwé. "Tíṣà. Ṣé ti ọdún yìí wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Ṣé ó ṣẹ́ ku àyè?"

Mosúnmọ́lá ti ìwé-àjákọ náà gba inú ihò fún un, pẹ̀lú bírò. Obìnrin náà gbé e lé orúnkún. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti kọ nǹkan kẹ́yìn, ó sì ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń yọ ahọ́n síta bí ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ìgbà tó tán, ó ti í padà. Mosúnmọ́lá gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ kó tó lè kà á.

*Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá lọ́sàn-án. Lékeléke ò tíì lọ. Irúgbìn wà nínú àpótí. Ṣijúadé.*